“Kí lẹ lò?” Ọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń mú ara fúyẹ́ àti ìdí tó fi ń padà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ilé-Ifẹ̀, bí àgbàlagbà kan bá rù, àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe àwọn ará àdúgbò. “Ẹ mà ti rù o! Ṣé kò sí o?” Wọ́n á máa wo ojú ẹni náà bóyá àìsàn ni, bóyá owó ni, bóyá ọ̀ràn ilé ni. Ẹni tó sanra ni wọ́n gbà pé ayé yẹ. Lónìí, bí obìnrin kan bá rù ní Sábó tàbí ní Odò Ògbè, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé: “Kí lẹ lò?”

Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí, torí ó ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó, ó sì ti kó àwọn kan sí àìsàn. Ẹni tó ń béèrè ohun tí ẹ lò ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé nǹkan kan wà tí èèyàn á rà, tí á gbé mì, tí ọ̀rá á sì yọ́. Ìdáhùn tó máa ń gbọ́ náà kò pọ̀: tíì tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn rù, kẹ́tò, ààwẹ̀, eré ìdárayá, àti abẹ́rẹ́ tuntun tí ariwo rẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn onímọ̀ ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn dán wò fún ọdún kan sí méjì, nítorí náà kò yẹ ká ṣì máa fi ẹnu àwọn ọlọ́jà díwọ̀n wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí nílé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí wọ́n ń ta aṣọ, lọ yẹ ara wọn wò. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ń sún mọ́ ti àtọ̀gbẹ. Dókítà ní kí wọ́n lọ dín sísanra kù, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé. Kò sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ìyá kan tó jókòó níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló júwe tíì fún wọn.

Òótọ́ ni dókítà sọ o. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 lo èèyàn 3,234 tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè àmọ́ tí wọn ò tíì ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn gbìyànjú láti fi ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù láàárín wọn. Láàárín àwọn tó ń lo metformin, ìyẹn oògùn àtọ̀gbẹ, ìdá 31 ló fi dín kù. Fún ẹni tó wọn kílò 90, ìdá 7 yẹn ò ju kílò mẹ́fà àti díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn àwòrán “tẹ́lẹ̀ rí àti ìsinsìnyí” tí wọ́n ń fi polówó ti jẹ́ kí kílò mẹ́fà dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú wa. Kílò mẹ́fà lè gba èèyàn lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú tíì kúrò lọ́nà. Ewé tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ni senna, ewé tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ni. Ìfun kékeré ló ń gba agbára inú oúnjẹ sára, senna sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìfun ńlá, nígbà tí ara ti gba èyí tó pọ̀ jù tán. Omi ni èèyàn ń yà dànù. Ìwọ̀n á fi kílò kan tàbí méjì wálẹ̀, bí ẹ bá sì ti mu omi tó, á padà síbi tó wà. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni àwọn tíì àti kápúsù tí wọ́n fi oògùn pamọ́ sí. Sibutramine wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń pa ebi ni. Ní 2010 ni wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, torí wọ́n rí i pé ó ń fa ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn ò dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn ṣì ń bá a nínú ọjà tí wọ́n pè ní ewé lásán, láìsí orúkọ rẹ̀ lára páálí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó bá mu irú rẹ̀ ń fi ẹ̀mí wewu. Àǹtí mi mu tiwọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òòyì kọ́ wọn níwájú ìsọ̀, wọ́n sì ṣubú. Bí wọ́n ṣe pa tíì tì nìyẹn.

Ohun tó ń mú ara fúyẹ́ gan-an ò le láti sọ: kí agbára tí oúnjẹ ń kó wọlé kéré sí èyí tí ara ń ná, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kálórì la fi ń wọn agbára náà. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń polówó, bí ó bá ṣiṣẹ́ rárá, ibẹ̀ ló gbà. Ìjà wá wà lórí èyí tó rọrùn láti gbà, àti èyí tí èèyàn lè gbà pẹ́.

Ìjà tó gbóná jù ni ti àwọn tó ní oúnjẹ afáralókun ni ọ̀tá, ìyẹn iṣu, gàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì, pẹ̀lú àwọn tó ní ọ̀rá ni ọ̀tá. Christopher Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Stanford gbé e kalẹ̀ kí wọ́n yanjú rẹ̀. Wọ́n pín àgbàlagbà 609 sí ọ̀nà méjì, apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín afáralókun kù, wọ́n sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún oṣù 12. Èsì jáde ní 2018. Àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 sílẹ̀, àwọn tó dín afáralókun kù fi kílò 6.0 sílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ò tó ohun tí èèyàn lè tẹ́ pẹpẹ lé lórí. Wọ́n tún yẹ ohun àbínibí inú ẹ̀jẹ̀ wò, bóyá òun ló ń sọ ẹni tí ọ̀nà kan máa bá lára mu. Kò sọ nǹkan kan. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé nínú apá kọ̀ọ̀kan, àwọn kan fi ju kílò 20 lọ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì tún sanra sí i. Oúnjẹ kan náà, ìmọ̀ràn kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn ju èyí tó wà láàárín ọ̀nà sí ọ̀nà lọ fíìfíì.

Ní 2009, àwọn mìíràn ti fi èèyàn 811 dán ọ̀nà mẹ́rin wò fún ọdún méjì. Lóṣù mẹ́fà, gbogbo wọn ti fi nǹkan bíi kílò mẹ́fà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Lópin ọdún kejì, ó kù bíi kílò mẹ́rin tí wọn ò tíì gbà padà, ìyẹn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ń wá sí ìpàdé ìmọ̀ràn déédéé ló fi jù sílẹ̀. Ẹ rántí ìpàdé yẹn, mo máa padà sí i.

Kẹ́tò ni orúkọ tí ọ̀nà àìjẹ afáralókun fi gbajúmọ̀ báyìí. Láti 1921 ni wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà, wárápá ni wọ́n sì fi ń wò nígbà náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á rí i pé òun tètè fúyẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdùnnú á sì ṣubú layọ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú èyí tó kọ́kọ́ lọ, torí ara máa ń fi omi pamọ́ pọ̀ mọ́ ṣúgà tó tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Bí ṣúgà náà bá ti tán, omi á bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, ẹ yọ iṣu, ẹ yọ gàrí, ẹ yọ ìrẹsì, ẹ yọ ẹ̀kọ, ẹ yọ ẹ̀wà, ẹ yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tó kù nínú ìsasùn àti iye tí wọ́n ń tà á. Àǹtí mi ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹyin àti ẹran ni ṣáá. Wọ́n fúyẹ́ lóòótọ́. Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wọn dé, wọ́n bu iyán síwájú wọn, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Kí oṣù méjì tó pé, gbogbo rẹ̀ ti padà.

Ẹni tí kò bá lè fi òkèlè sílẹ̀ a máa yà sí wíìtì. Àwọn àgbà ti tò ó tẹ́lẹ̀ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Wíìtì ló ti wá gba ipò oògùn báyìí, àti ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n wọn. Gàrí gbígbẹ, èlùbọ́, ìyẹ̀fun wíìtì, ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀, giramu 100 èyíkéyìí nínú wọn kì í jìnnà sí kálórì 350. Òótọ́ ni pé wíìtì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ ní fáíbà, tó ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó, ó sì sàn fún ìfun. Àmọ́ ẹni tó fi òkìtì iyán sílẹ̀, tó wá ń jẹ òkìtì wíìtì tó ga bákan náà, àwọ̀ oúnjẹ nìkan ló yí padà.

Ibi tí kálórì ń sá pamọ́ sí jù nínú oúnjẹ wa ni epo. Síbí ńlá kan, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, ní kálórì bíi 120. Síbí ńlá mẹ́ta ti ju giramu 100 gàrí lọ. Ta ló ń fi síbí wọn epo lára wa? A máa ń dà á ni, a ó sì máa wò ó bóyá ó ti “léfòó”. Mo ti rí obìnrin tó bu òkèlè kékeré bí ti ọmọdé, tí ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo, tó ń ráhùn pé òun kì í jẹun, òun ò sì rù. Kò purọ́, kò mọ ibi tó ń gbà wọlé ni. Dòdó ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó mu òróró yó kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ mọ́.

Èkejì epo ni ohun inú páálí àti ohun inú ìgò. Kevin Hall, tó jẹ́ onímọ̀ ní àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kó àgbàlagbà 20 sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ sè parí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè láti inú ohun tútù. Wọ́n rí i dájú pé ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti fáíbà tó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ dọ́gba, wọ́n sì ní kí oníkálukú jẹ títí tí á fi yó. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n fi bíi kálórì 500 jẹ ju ìgbà tí wọ́n ń jẹ ìkejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì sanra ní bíi kílò kan. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ìkejì, wọ́n rù ní bíi kílò kan. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n febi pa ara wọn. Ìwádìí yìí ló jẹ́ kí n fọkàn tán oúnjẹ ìyá mi: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja. Núdù àti bisikíìtì tí a ń fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ ọmọ kò lè bá wọn dúró. Mínírà 50cl tí wọn ò dín ṣúgà rẹ̀ kù lè ní ṣúgà giramu 50, ìyẹn kálórì bíi 200, kò sì ní yó ẹni tó mu ún. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ṣúgà ní 2022. Lójú tèmi, ₦10 kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ìgò.

Ní ti ààwẹ̀, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ìjọ ń gbà á, mọ́sáláṣí ń gbà á. Tuntun rẹ̀ ni pé kí èèyàn kó gbogbo oúnjẹ òòjọ́ sí wákàtí mẹ́jọ. Ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n fi èèyàn 139 tó sanra jù dán an wò fún ọdún kan, èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Gbogbo wọn ló dín oúnjẹ kù; apá kan ń jẹ tiwọn láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan. Àwọn aláàwẹ̀ fi kílò 8.0 sílẹ̀, àwọn yòókù kílò 6.3, ìyàtọ̀ náà ò sì tó èyí tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé ààwẹ̀ ló fà á. Ẹni tí ara rẹ̀ gba kí ó má jẹun alẹ́, kó ṣe é, ó rọrùn ju kí ó máa ka kálórì lọ. Ẹni tó máa fi ìbínú ebi jẹ gbogbo rẹ̀ padà nígbà ìṣínu kò jèrè kankan. Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fẹnu kékeré sọ: ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi Daonil kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ti yí oògùn náà ṣe. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí ẹni náà dákú.

Ó wá ku eré ìdárayá. Bí ẹ bá dé géètì Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn èèyàn tó ń rìn, tó ń sáré lọ sínú ọgbà lábẹ́ òjìji igi, òógùn á ti rin aṣọ wọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí wọn. Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: fún ẹni tó wọn kílò 70, ìrìn kíkankíkan wákàtí kan kò jó ju bíi kálórì 250 lọ. Mínírà kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ láti Fásitì Loyola ní Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà gbé e jáde. Wọ́n wọn agbára tí obìnrin 149 ń ná ní ìgbèríko Nàìjíríà, wọ́n sì wọn ti obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 ní agbègbè Chicago. Àwọn ará Chicago wọn bíi kílò 83 ní ìpíndọ́gba, tiwa bíi kílò 57. Gbogbo wa ni a ó rò pé iṣẹ́ oko àti omi pípọn ló fa ìyàtọ̀ náà. Rárá o. Kálórì tí àwọn tiwa ń fi ara ṣíṣe jó lójúmọ́ jẹ́ bíi 800, ti Chicago bíi 760. Ọgbọọgba ni wọ́n kà á sí. Oúnjẹ ló yàtọ̀: tiwa kún fún fáíbà àti ohun oko, ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀, tiwọn kún fún ọ̀rá àti ohun tí ilé iṣẹ́ ti ṣe. Ó ń bà mí nínú jẹ́ pé a ti ń kó oúnjẹ Chicago wọ Ifẹ̀, a sì ń wá àtúnṣe rẹ̀ lọ sínú jíìmù.

Ṣé kí èèyàn má rìn mọ́ ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìrìn ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà dáadáa, ó ń jẹ́ kí oorun dùn, bí ìwọ̀n ò tilẹ̀ yẹ̀. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí àgbàlagbà máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ṣe ohun tó ń mú iṣan le, bíi kí ó máa gbé ohun wúwo tàbí kí ó máa ti ara rẹ̀ sókè nílẹ̀. Ẹni tó ń dín oúnjẹ kù láìṣe èyí, iṣan rẹ̀ á máa bá ọ̀rá lọ. Àwọn ìyá wa tó ń gún iyán lójoojúmọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ẹ̀rọ ló gba ọmọ odó lọ́wọ́ wa, ọ̀kadà ló gba ìrìn láti Mayfair dé Sábó.

Ibi tí ìrìn ti ń ṣiṣẹ́ jù ni lẹ́yìn tí ara bá ti fúyẹ́ tán. Ara kì í fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí èèyàn 14 tó ti rù gan-an nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ara wọn ṣì ń jó bíi kálórì 500 dín sí iye tó yẹ lójúmọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n wọn sì ti padà. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń bínú sí àwọn tó ń pe ẹni tó tún sanra padà ní ọ̀lẹ tàbí alájẹkì. Láti 1994 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó fi ó kéré tán kílò 13 sílẹ̀ fún ju ọdún kan lọ sínú ìwé kan ní Amẹ́ríkà. Oúnjẹ wọn yàtọ̀ síra. Àmọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń ṣe eré ìdárayá bíi wákàtí kan lójúmọ́, ìrìn sì ni èyí tó pọ̀ jù. Oúnjẹ ló ń gbé ìwọ̀n wálẹ̀, ìrìn ló ń bá wa dì í mú.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Ìwádìí 2021 lórí semaglutide, oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n fi èèyàn 1,961 ṣe, fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ 68, àwọn tó gbà á fi ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n wọn sílẹ̀, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú fi ìdá 2.4 sílẹ̀. Kò sí oúnjẹ kan nínú gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan tí wọ́n dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ti padà. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, inú fíríìjì ló sì yẹ kó wà kí wọ́n tó ṣí i, nínú ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024, WHO kìlọ̀ pé ayédèrú rẹ̀ ti wà lórí àtẹ ní Brazil, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó rẹ̀ lórí fóònù.

Lẹ́yìn tíì àti kẹ́tò, àǹtí mi sinmi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi, àwọn, àti obìnrin méjì míì ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní géètì fásitì. A fi tépù télọ̀ wọn ìbàdí ara wa, torí àwọn onímọ̀ ní kí obìnrin kíyè sára bí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, ọkùnrin 94. Àǹtí mi ṣì ń jẹ iyán, ní ọjọ́ Àìkú, nínú àwo kékeré, ẹ̀fọ́ á sì pọ̀ jù ú lọ. Wọ́n ń fi síbí wọn epo. Wọn ò mu mínírà mọ́. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀. Ó gbà wọ́n ní oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó fi kílò mẹ́jọ sílẹ̀, ọdún kejì rèé tí kò tíì padà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti rọlẹ̀. Àwọn oṣù kan wà tí ìwọ̀n ò mì rárá. Ìpàdé Sátidé yẹn ló gbé wọn kọjá àwọn oṣù náà, torí bí wọn ò bá jáde, a ó lọ kanlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn bi wọ́n pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lò?” Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún un, látorí síbí epo dórí ìrìn. Ó gbọ́ tán, ó ṣì dúró, ó ń retí orúkọ nǹkan. Wọ́n ní kó wá bá wa ní géètì, aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé. Sátidé kẹta ló yọjú, ó wọ bàtà tó mú látorí àtẹ ara rẹ̀.